Májèlé Tí Kì í Tán: Ẹ̀kọ́ Lórí Ike Inú Òkun àti Àwọn Ẹ̀dá Tí Ń Gbé Ibẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀dá tí a ń múra láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, díẹ̀ ni ó kan ìkòkò ọbẹ̀ ìyá wọn tó èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Gbogbo ọmọ ni ó mọ̀ pé ike àti ọ̀rá ń dí ojú gọ́tà, pé àgbàrá òjò ń gbá wọn lọ sínú odò, àti pé odò kì í sinmi títí yóò fi gbé wọn dé ọ̀sà àti òkun. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá nawọ́ sókè tí ó sì béèrè pé, "Olùkọ́, kí ni ike ń ṣe fún ẹja? Ṣé ẹja tí a ń jẹ kò ní ṣe wá ní ibi?" kí ni a ó fi dá a lóhùn? Bí a bá wí pé kò sí nǹkan kan, irọ́ ni a pa. Bí a bá wí pé gbogbo ẹja ti di májèlé, irọ́ náà ni, irọ́ tí ó sì lè gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ tálákà. Ó yẹ kí a mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kí a tó dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Nítorí náà ni a ṣe pín ẹ̀kọ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́fà. A ó kọ́kọ́ wí ohun tí ike jẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn májèlé tí kì í tán. Ẹ̀kẹta, bí májèlé ṣe ń bá ike dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹrin, bí ó ṣe ń gun àtẹ̀gùn oúnjẹ inú òkun. Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ̀bi ike ti pọ̀ tó nínú ọ̀ràn náà. Ẹ̀kẹfà, ohun tí ayé ti ṣe sí i. Ní ìparí a ó fi ìmọ̀ràn díẹ̀ àti ìbéèrè fún kíláàsì kún un.

ÈKÍNÍ: OHUN TÍ IKE JẸ́

Ike kì í hù bí igi, a kì í sì í mọ ọ́n bí amọ̀. Nínú epo rọ̀bì àti gáàsì tí a ń wà jáde láti inú ilẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ike òde òní. Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ṣe ike tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn pátápátá, ní ọdún 1907. Síbẹ̀, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ike tó bẹ̀rẹ̀ sí í kún ilé àti ọjà. Ní ọdún 1950, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù ni gbogbo ayé ṣe. Lóde òní, èyí tí a ń ṣe lọ́dọọdún ti lé ní mílíọ̀nù 400 tọ́ọ̀nù.

Níbo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ? Ní ọdún 2017 àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣírò gbogbo ike tí ó ti di ìdọ̀tí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 2015. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún, bí ìdá 9 ni a tún yọ́ ṣe nǹkan mìíràn, bí ìdá 12 ni a sun níná, ìdá 79 tí ó kù sì wà lórí ààtàn tàbí káàkiri ilẹ̀ àti omi. Ìṣirò mìíràn tí a tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ní ọdún 2010 nìkan, láàrín mílíọ̀nù 4.8 sí mílíọ̀nù 12.7 tọ́ọ̀nù ike ni ó ti orí ilẹ̀ wọ inú òkun.

Ewé a máa jẹrà, igi a máa jẹrà, eegun pàápàá a máa di erùpẹ̀. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn a máa sọ ọ́ di gígan, ìgbì a sì máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ náà ike ni. Èyí tí kò bá tó mìlímítà 5 ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic. Ní ọdún 2004, Richard Thompson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ iyanrìn etí òkun wò. Wọ́n sì tún yẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú òkun wò, èyí tí a ti ń kó pamọ́ láti àwọn ọdún 1960. Wọ́n bá ẹ̀fọ́kù ike nínú méjèèjì, wọ́n sì rí i pé ó ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó jẹ́ ẹ̀fọ́kù o. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ike a máa kọ́kọ́ ṣe é ní wóró kéékèèké, bí wóró àgbàdo tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, kí àwọn mìíràn tó rà á lọ yọ́. Wóró wọ̀nyí a máa dà sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà àti ní èbúté. Ní ọdún 2021, ọkọ̀ ojú omi X-Press Pearl gbiná, ó sì rì nítòsí Colombo ní Sri Lanka. Wóró ike tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 1,600 tọ́ọ̀nù, ó sì bo etí òkun ibẹ̀ bí yìnyín.

ÈKEJÌ: ÀWỌN MÁJÈLÉ TÍ KÌ Í TÁN

Ẹ jẹ́ kí a fi ike sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a sọ̀rọ̀ nípa àwọn kẹ́míkà kan. Láti ọdún 1929 ni a ti ń ṣe òróró kan tí à ń pè ní PCB fún títà ní Amẹ́ríkà. Iná kì í tètè ràn án, ooru kì í sì í bà á jẹ́, nítorí náà ni a ṣe ń rọ ọ́ sínú tiransifọ́mà àti àwọn ẹ̀rọ iná mànàmáná mìíràn. Ní ọdún 1939, Paul Müller ti ilẹ̀ Switzerland rí i pé DDT ń pa kòkòrò. Ó pa ẹ̀fọn, ó pa iná orí, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1948. Kò sí ẹni tí ó ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí láti fi pa òkun lára. Fún ìlò rere ni a ṣe wọ́n.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà mẹ́rin tí ọmọ kíláàsì kẹfà lè kọ́ sórí. Ìkíní, wọn kì í tètè jẹrà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń lò nínú ilẹ̀ àti omi. Ìkejì, wọn kì í fẹ́ bá omi pò. Ọ̀rá ni wọ́n fẹ́ràn. Ìkẹta, afẹ́fẹ́ àti ìṣàn omi a máa gbé wọn lọ sí ibi tí a kò ti lò wọ́n rí. Ìkẹrin, wọ́n a máa ba ìbímọ, ìdàgbàsókè àti agbára tí ara fi ń gbógun ti àrùn jẹ́. Èyí tí ó bá ní ìwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a pè ní májèlé tí kì í tán.

Ní ọdún 1966, Søren Jensen ní Sweden ń wá DDT nínú ara ẹja àti ẹyẹ idì, ó sì bá àjèjì kan pàdé tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó wádìí rẹ̀ délẹ̀, PCB ni. Òróró tí ó yẹ kí ó wà nínú àgbá irin ti dé inú ara ẹyẹ igbó! Ní erékùṣù Anacapa ní California, DDT tí ilé-iṣẹ́ kan ń dà sínú omi wọ ara ẹja, ó sì ti ara ẹja wọ ara ẹyẹ òfú. Èèpo ẹyin àwọn ẹyẹ náà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fọ́ nígbà tí ìyá bá sàba lé e. Ní ọdún 1970, nínú itẹ́ tí ó lé ní 500, ọmọ ẹyẹ kan ṣoṣo ni a rí.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàì mọ PCB. Ní ọdún 1988 ni a rí àwọn àgbá ìdọ̀tí tí a kó ti Ítálì wá sí ìlú Koko, nítòsí odò Benin, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Bendel nígbà náà. PCB wà lára ohun tí ó wà nínú wọn. Ní ọdún kan náà ni ìjọba ṣe òfin tí ó ka kíkó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, a sì kó àwọn àgbá náà padà.

Ẹ̀KẸTA: BÍ MÁJÈLÉ ṢE Ń BÁ IKE DỌ́RẸ̀Ẹ́

Èyí ni ibi tí ẹ̀kọ́ wa gbé dùn jù láti fi ojú rí. Kí olùkọ́ mú abọ́ ike funfun kan àti àwo tánńganran kan wá sí kíláàsì. Kí ó bu ọbẹ̀ gbígbóná tí epo pupa kún dáadáa sínú méjèèjì, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ó wá fún ọmọ méjì ní ọṣẹ àti kànìnkànìn, kí wọ́n fọ̀ wọ́n. Àwo tánńganran yóò mọ́ tónítóní. Abọ́ ike yóò pupa síbẹ̀, bí ọmọ náà tilẹ̀ fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro ó. Kò sí ìyá kan nínú ilé tí kò mọ ọ̀ràn yìí.

Kí ló fà á? Ike jẹ́ ìbátan epo, nítorí inú epo ni ó ti jáde wá. Ohun tí ó pa epo pupa láró kì í yọ́ nínú omi, inú ọ̀rá ni ó ń yọ́ sí. Nígbà tí ó bá sì kan ike, ó rí ilé ìbátan rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó. Èdè wa tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí ọ̀rá ni a pe èyí tí ó wà lára ẹran, ọ̀rá náà ni a sì pe àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń di ọjà. Májèlé tí ó fẹ́ràn ọ̀rá ti àkọ́kọ́ fẹ́ràn ti èkejì pẹ̀lú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú òkun. Ìwọ̀n PCB tí ó wà nínú omi òkun kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n wóró ike tí ń léfòó ń fà á mọ́ra lọ́sàn-án àti lóru. Ní ọdún 1972 ni Edward Carpenter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé pé àwọn rí PCB lára wóró ike inú òkun. Ní ọdún 2001, Hideshige Takada àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì wọn ìwọ̀n rẹ̀: májèlé tí ó wà lára wóró ike náà tó ìlọ́po 100,000 títí dé ìlọ́po mílíọ̀nù kan èyí tí ó wà nínú omi tí ó yí i ká.

Láti ọdún 2005 ni Takada ti bẹ àwọn ènìyàn ní gbogbo ayé pé kí wọ́n ṣa wóró ike ní etí òkun wọn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun nínú àpò ìwé. Nípa ọ̀nà ìrọ̀rùn yìí ni ó fi ń mọ ibi tí májèlé pọ̀ sí àti ibi tí ó kéré sí. Ní ilẹ̀ Gánà, aládùúgbò wa, àwọn wóró tí a ṣà ní Accra àti Tema ní PCB ju èyí tí a ṣà ní àwọn etí òkun abúlé lọ. Wóró ike tí a kò kà sí nǹkan ti di ẹlẹ́rìí tí ń jẹ́rìí sí ìwà ìlú ńlá.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé májèlé mìíràn kò dúró de òkun. Ilé-iṣẹ́ ni ó ti fi sínú ike láti ìbẹ̀rẹ̀: òmíràn kí iná má ba à tètè ran àpótí tẹlifíṣọ̀n, òmíràn kí oòrùn má ba à ba ike jẹ́. Oríṣi májèlé méjì ni ike ń gbé nígbà náà: èyí tí a bí mọ́ ọn, àti èyí tí ó bá pàdé lọ́nà.

Ẹ̀KẸRIN: ÀTẸ̀GÙN OÚNJẸ INÚ ÒKUN

Ẹja ńlá ní í jẹ ẹja kékeré. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Kí olùkọ́ ya àtẹ̀gùn kan sí ojú pátákó. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn ewé kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí wà. Lókè wọn ni edé. Lókè edé ni ṣawa. Lókè ṣawa ni ẹja ńlá. Ní òkè pátápátá ni àbùùbùtán, ẹyẹ òkun àti ènìyàn.

Kí a wá fi ìṣirò ṣe àlàyé. Àwọn iye yìí wà fún àpẹẹrẹ nìkan. Ká ní ìwọ̀n májèlé 1 wà lára edé kan. Bí ṣawa bá jẹ edé 100, oúnjẹ dà, ó sì jáde, ṣùgbọ́n májèlé kò jáde. Ó wọ inú ọ̀rá ara lọ, ó jókòó. Ìwọ̀n 100 ni ó wà lára ṣawa. Bí ẹja ńlá bá jẹ ṣawa 100, ìwọ̀n 10,000 ni. Bí ẹranko òkun kan bá jẹ ẹja ńlá 100, ó di mílíọ̀nù kan. Ẹni tí ó jókòó sókè jù ni ó ń gba ẹrù gbogbo àwọn tí ó wà nísàlẹ̀.

Ní oṣù January ọdún 2016, òkun gbé òkú àbùùbùtán kan sí etíkun erékùṣù Tiree ní Scotland. Ó jẹ́ irú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú tí ó sì funfun, tí à ń pè ní orca. Lulu ni àwọn tí ń ṣọ́ wọn sọ ọ́. Nígbà tí a yẹ ọ̀rá ara rẹ̀ wò, mílígíráàmù 957 PCB ni ó wà nínú kílógíráàmù kan, èyí tí ó ju ìwọ̀n tí a kà sí ewu lọ jìnnà réré. Ó ti dàgbà tó ẹni tí í bímọ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò fi hàn pé kò bímọ rí.

Àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú, wàrà rẹ̀ sì kún fún ọ̀rá. Nítorí náà májèlé tí ìyá kó jọ ní ọ̀pọ̀ ọdún ń bá wàrà lọ sára ọmọ. Ènìyàn náà kò yọ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Éric Dewailly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ omi ọmú àwọn ìyá Inuit wò ní àríwá Quebec ní Kánádà. Àwọn wọ̀nyí kò ní ilé-iṣẹ́, wọn kò sì ṣe PCB rí. Ẹran àti ọ̀rá inú òkun ni oúnjẹ àwọn baba ńlá wọn. Síbẹ̀, PCB tí ó wà nínú omi ọmú wọn tó ìlọ́po márùn-ún èyí tí ó wà nínú ti àwọn ìyá ní gúúsù Quebec. Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn yìí dun ni: ẹni tí kò jẹ nínú èrè ni ó ń san gbèsè.

Jíjìn òkun pàápàá kò gbà á. Ní ọdún 2017, Alan Jamieson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn ẹ̀dá bí edé tí a mú nínú kòtò Mariana ní òkun Pàsífíìkì, ibi tí ó jìn jù lọ ní ayé, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sísàlẹ̀. PCB wà lára wọn.

Ẹ̀KARÙN-ÚN: BÁWO NI Ẹ̀BI IKE TI PỌ̀ TÓ?

Níhìn-ín ni olùkọ́ gbọdọ̀ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Pé májèlé wà lára ike, tí ẹja sì ń gbé ike mì, kò fi hàn dandan pé ike ni ó kó gbogbo májèlé náà wọ ara ẹja. Ẹja ń mí nínú omi kan náà, ó sì ń jẹ edé tí májèlé wà lára rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rí kan wà pé ike a máa fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Chelsea Rochman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fún àwọn ẹja kékeré ní oúnjẹ tí a pò mọ́ ike tí ó ti rẹ nínú omi òkun San Diego. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ̀dọ̀ àwọn ẹja náà fi ìpalára hàn ju ti àwọn tí kò jẹ ike lọ. Ní ọdún kan náà, àwọn ará Jàpáánì yẹ ẹyẹ òkun 12 wò. Nínú ọ̀rá ara mẹ́ta nínú wọn, wọ́n rí kẹ́míkà adínákù kan tí kò sí lára ẹja tí ẹyẹ náà ń jẹ, ṣùgbọ́n tí ó wà lára ike inú ikùn wọn. Ibi tí ó ti wá hàn gbangba.

Ní ìdàkejì, ní ọdún 2016, Albert Koelmans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì ṣírò wọn. Wọ́n parí rẹ̀ sí pé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá òkun, PCB àti irú rẹ̀ tí ń gba inú oúnjẹ àti omi wọ ara pọ̀ ju èyí tí ike ń gbé wá lọ. Kí ni a ó ti wí? A ó wí pé ike kì í ṣe ẹlẹ́ṣin kan ṣoṣo tí ń gbé májèlé yìí kiri, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe aláìṣẹ̀. Nípa kẹ́míkà tí a fi sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, òun gan-an ni orísun.

Ẹ̀KẸFÀ: OHUN TÍ AYÉ TI ṢE

Rachel Carson kọ ìwé rẹ̀, Silent Spring, ní 1962, láti kìlọ̀ nípa DDT àti irú rẹ̀. Amẹ́ríkà dá lílo DDT dúró ní 1972, ó sì fi òfin de ṣíṣe PCB ní 1979. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Stockholm, wọ́n sì ṣe àdéhùn lórí májèlé 12 tí kì í tán. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004, iye májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti lé ní 30. A fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún DDT nítorí ẹ̀fọn tí ń fa ibà. Ní ti PCB, a fi 2025 ṣe òpin lílò rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, a sì fi 2028 ṣe òpin pípa ìyókù rẹ̀ run ní ọ̀nà tí kò léwu. Ní ọdún 2023 ni a fi UV-328 kún un, kẹ́míkà tí a ń pò mọ́ ike kí oòrùn má ba à bà á jẹ́.

Ǹjẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní èrè? Ó ní. Lẹ́yìn tí a dá DDT dúró, èèpo ẹyin àwọn ẹyẹ òfú California tún le, wọ́n sì pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi yọ wọ́n kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ń parun ní 2009. Ṣùgbọ́n ní ti ike fúnra rẹ̀, ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní August 2025 tú ká láìsí àdéhùn.

ÌMỌ̀RÀN FÚN OLÙKỌ́

Bí ọmọ bá béèrè bóyá kí òun jẹ ẹja, kí a dá a lóhùn pé kí ó jẹ ẹ́. Ẹja ń fún ọmọ ní ẹran ara àti ọpọlọ pípé, àwọn ẹja kéékèèké bí ṣawa sì wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, níbi tí ẹrù májèlé kò tíì wúwo. Kí a sì fi ohun mẹ́ta kọ́ ọ. Kí ó má sọ ike sínú gọ́tà, nítorí Ògùn àti Ọ̀ṣun méjèèjì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà sì ń lọ sí òkun. Kí ó má dáná sun ike ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí èéfín ike kan a máa gbé irú májèlé tí a ń sọ yìí jáde. Kí ó má fọwọ́ kan òróró tiransifọ́mà, yálà fún dídín nǹkan tàbí fún ìpara.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìwà mẹ́rin tí a fi ń mọ májèlé tí kì í tán?
2. Èé ṣe tí abọ́ ike fi pupa síbẹ̀ nígbà tí àwo tánńganran ti mọ́?
3. Bí ṣawa kan bá jẹ edé 250, tí ìwọ̀n májèlé 2 wà lára edé kọ̀ọ̀kan, mélòó ni yóò wà lára ṣawa náà?
4. Èé ṣe tí àwọn ìyá Inuit fi ní PCB nínú omi ọmú wọn, nígbà tí wọn kò ṣe é rí?
5. Dárúkọ ẹyẹ kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìparun nígbà tí ènìyàn jáwọ́ nínú DDT.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n eérú ti òkun kì í mọ ẹni tí ó dà á. Ara ọmọ ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń bà lé. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa, kí a sì fi òtítọ́ kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ tí a ó kọ́ lè mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń jù sílẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.